Bí Mo Ṣe Kọ́ Òkìtì Ẹ̀yìn Nínú Igbó Afẹ̀yìnrìn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá mi Ọdẹ́tọ́lá ṣì wà láàyè, ó ṣì ń gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká bí ẹni gbé ìborùn kọ́ ọ. Ìyá mi Àṣàbí wà láàyè, eyín rẹ̀ pé. Oyèékàn, àbúrò ìyá mi, ẹlẹ́nu bí abẹ, wà láàyè. Dúrógbọ́ ajá mi wà láàyè. Bàbá tó bí ìyá mi, Bàbá Àjàgbé Olókìtì, òun náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní dìde níbẹ̀. Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Èmi nìkan ló kù tó mọ bó ṣe rí, nítorí náà ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa jẹ ẹ́. Ẹni tí oorun ń kùn, kó lọ sùn, kó má bàa bá mi ba ìtàn jẹ́.

Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn o, Ìyá Ṣàkírátù. Ẹ̀ ń wo orúnkún mi tó wú bí ìkòkò yìí, ẹ̀ ń sọ nínú yín pé irọ́ dé. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Orúnkún tí ẹ̀ ń wò yìí ti ga ju òrùlé ilé yín lọ rí, kì í sì í ṣe pé mo gun àkàbà.

Ilé ìyá mi ni wọ́n ń pè ní agbo ilé Olókìtì, ní ìlú Òkè-Ìtapò. Lọ́jọ́ ọdún iṣu, kí ọba tó fẹnu kan iṣu tuntun, àwọn ará ilé ìyá mi ló máa ń tàkìtì la ojúde ọba já, tí ẹsẹ̀ wọn á máa lọ sókè, tí orí wọn á máa lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń yí ewé gbígbẹ. Àwọn ìlú mìíràn náà ń tàkìtì, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Iwájú ni wọ́n ń ta tiwọn sí. Ẹni tó ń tàkìtì síwájú ń rí ibi tó ń lọ, kí ló wá ṣe? Ẹ̀yìn ni ti ilé ìyá mi.

Mo rí Bàbá Àjàgbé nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá. Á dúró, á kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, ojú rẹ̀ á máa wo iwájú bí ẹni tó ń retí àlejò. Á wá ju ara rẹ̀ sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá, á ti tún dúró. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ò kan ilẹ̀ mọ́. Á lọ sókè, gbogbo ara rẹ̀ á nà gbọọrọ bí ọmọ odó, á dojú kọ ọ̀run, á yí po lókè níbẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, tọ́! Eruku ò ní sọ. Àwọn ìyá àgbà á bú sẹ́kún, wọn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí. Òkìtì òfuurufú ni wọ́n ń pè é. Láyé mi, mi ò tíì rí ohun tí ọmọ ènìyàn fi ara ṣe tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹní fàfá kan wà nínú ilé náà tó dàgbà ju ilé lọ. Ẹni tó bá mọ òkìtì òfuurufú ta nìkan ló ń sùn sórí rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti darúgbó, ẹlòmíràn nínú ẹ̀jẹ̀ ilé náà gbọ́dọ̀ ta òkìtì ọ̀hún lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni arúgbó náà á fi agbára ara rẹ̀ yí kúrò lórí ẹní, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹní á sì di ti ẹni tuntun. Ṣùgbọ́n bí arúgbó bá kú sórí ẹní láì rí ẹni gbà á, wọn á fi ẹní wé e, wọn á sin wọ́n pọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàkìtì nínú ilé náà mọ́ títí ayé.

Bàbá Àjàgbé wà lórí ẹní, kò sì sí ẹni tó lè gbà á. Oyèékàn ti gbìyànjú rẹ̀ rí, apá ló fi balẹ̀, apá ọ̀hún ò sì nà tán mọ́ títí ó fi wọlẹ̀. Àwọn ọkùnrin yòókù ti tẹ̀lé kòkó lọ sí ọ̀nà Oǹdó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ilé pé yí Bàbá ká. Oyèékàn ti ra okùn tí wọ́n máa fi di ẹní mọ́ òkú. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dúró síwájú rẹ̀ kí Bàbá má bàa rí i. Bàbá rí i.

"Oyèékàn, okùn yẹn gùn jù," ni Bàbá wí. "Mo ti gbẹ. Ìdajì rẹ̀ tó mi."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, mo ní, "Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ òkìtì yìí?"

"Nínú Igbó Afẹ̀yìnrìn. Àwọn ará ibẹ̀ ló kọ́ mi. Ǹ bá kọ́ yín, ṣùgbọ́n òkìtì òfuurufú ò ṣeé fi ẹnu kọ́. Ara ló ń kọ́ ara, ara tèmi sì ti kú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀."

"Èmi á lọ kọ́ ọ wá."

Oyèékàn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Àwẹ̀ró ọmọ ọdẹ? Ìwọ tí o ò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé láì bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó jí adìẹ gbé? Òkìtì ẹ̀yìn lo fẹ́ ta? Orí yẹn á ti yí kúrò lọ́rùn kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá mi tó ń sunkún. Mi ò bínú, òótọ́ ló sọ. Bàbá mi ò bí ọkùnrin, èmi ló fi ṣe ọmọ ọdẹ. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn, ó ti kọ́ mi pé bí mo bá ti rìn díẹ̀ nínú igbó, kí n wẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ni ẹkùn ń gbà wá. Ó ti wọ̀ mí lára. Mo ń wẹ̀yìn lójú ọ̀nà odò. Mo ń wẹ̀yìn tí mo bá ń jẹun. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi gan-an, mo wẹ̀yìn kí n tó wọlé ọkọ, àwọn obìnrin ilé ní mo ń wá ọ̀nà sísá.

Bàbá Àjàgbé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka pè mí, mo sún mọ́ ọn.

"Àwẹ̀ró, bí o bá débẹ̀, má wẹ̀yìn."

"Bàbá, kí ló wà lẹ́yìn?"

"Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ nìkan ni. Máa lọ, ọmọ mi. Mo máa gbìyànjú láti dúró dè ọ́."

Bí mo ṣe dé Igbó Afẹ̀yìnrìn, ẹ má bi mí. Mo gbé ìbọn, mo pe Dúrógbọ́, ọ̀nà gbé wa. Ajá wo ni Dúrógbọ́! Kì í gbó lásán. Bí ó bá gbó, nǹkan wà níbẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ lè tẹ́ ọmọ tuntun síbẹ̀ kó sùn. Nínú igbó ọ̀hún, àwọn ẹyẹ ń fi ìrù ṣíwájú fò. Èéfín ń ti ojú ọ̀run sọ̀kalẹ̀ bọ́ sínú ààrò. Èso ń ti ilẹ̀ gòkè lọ so mọ́ igi. Ọkàn mi fò díẹ̀, mo gbà. Ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí ìbá ti sá délé.

Lẹ́nu ìloro igbó náà, iwin kan dúró tí ojú rẹ̀ wà níbi tí ìpàkọ́ wa wà. Àyà rẹ̀ kọjú sí mi, ojú rẹ̀ sì ń wo inú igbó. Ó fi ẹ̀yìn orí bá mi sọ̀rọ̀.

"Obìnrin oníbọn, máa bọ̀. Mo ní ìbéèrè. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, wàá bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí títí irun rẹ á fi hu olú. Ta ló ń fi ẹ̀yìn jáde nínú ilé ara rẹ̀, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí kò sì sá fún ẹnikẹ́ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ní tòótọ́ ni mo bú sẹ́rìn-ín! Mo ní, "Obìnrin tó ń fi ẹbọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ ilé ni. Láti ọ̀dọ̀ ògiri ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa pa á bọ̀ lẹ́yìn lẹ́yìn títí á fi dé ẹnu ọ̀nà, kó má bàa tẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ àná ni mo pa tèmi."

Iwin náà mí kanlẹ̀. "Gbogbo ọdẹ ọkùnrin tó ti dé ibí, alákàn ni wọ́n ń pè."

"Alákàn a máa gba ẹ̀gbẹ́ rìn," ni mo wí. "Wọn ò tiẹ̀ mọ ẹranko."

Inú rẹ̀ dùn sí mi, ó yà fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ojú rẹ̀, ojú ènìyàn ni, omijé sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Wọn ò bí mi báyìí. Èmi náà wá kọ́ òkìtì. Mo ti kúrò nílẹ̀, mo ti wà lókè, mo wá ní kí n yọjú wo ibi tí mo máa balẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ojú mi ò padà síwájú mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí Bàbá kìlọ̀ fún mi. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ìlú àkọ́kọ́ tí mo dé, kò sí àpótí, kò sí àga, kò sí kùkùté igi. Síbẹ̀ gbogbo ará ibẹ̀ jókòó. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n jókòó lé, ìdí wọn ò kan nǹkan kan, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń di irun. Baálẹ̀ wọn jẹ́ ọkùnrin oníkùn ńlá, ó jókòó sí òkè díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

"Àlejò, jókòó," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Orí kí ni?"

"Lórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ."

Mo wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan. Mo rọra fi ìdí wá a, mo ṣubú lulẹ̀. Àwọn ọmọdé ìlú pariwo, "Ó wò ó! Ó wò ó! Ó lé e lọ!" Mo tún dìde. Mo tún wẹ̀yìn díẹ̀, díẹ̀ báyìí, pẹ̀lú igun ojú. Mo tún ṣubú. Obìnrin kan tó ń di irun ní, "Àga wa ń tijú. Bí o bá ń wò ó, á sá."

Ìdí mi ti bó kí ọgbọ́n tó wá sí mi lórí. Mo ní, "Dúrógbọ́, ṣọ́ ẹ̀yìn." Ajá mi lọ dúró sẹ́yìn mi. Mo kọjú síwájú, mo ń gbọ́. Kò gbó. Mo ní, bí Dúrógbọ́ ò bá gbó, kò sí ewu. Mo ju ara mi sẹ́yìn bí ẹni tó ti oko dé tó ti rẹ̀.

Àga wà níbẹ̀! Ṣùgbọ́n àga ọ̀hún ò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo ṣe kàn án báyìí, ó ta mí nù. Apá mi gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá, àtẹ́lẹwọ́ mi kan ilẹ̀ lẹ́yìn, mo fi èjìká ti ilẹ̀ nù, ẹsẹ̀ mi gba orí mi kọjá, mo sì dúró. Mo ti ta òkìtì ẹ̀yìn ọlọ́wọ́! Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Baálẹ̀ ní, "Àṣé bí o ṣe mọ̀ ọ́n jókòó nìyí. Àwọn tí kò lè kọ́ ọ, fífò ni wọ́n ń kọ́kọ́ fò. Jókòó ni kí o kọ́kọ́ jókòó, kí apá wá tẹ̀lé e."

Inú mi dùn débi pé mo tàkìtì jáde nínú ìlú náà. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó, ìyàwó ilé, pẹ̀lú ìbọn léjìká. Òkìtì, òkìtì, òkìtì. Bí mo ṣe ta èyí tó kẹ́yìn báyìí, ilẹ̀ la, mo já sínú kòtò.

Ìyá Ṣàkírátù, ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ̀pà á há yín lọ́fun.

Kòtò náà fún mọ́ ènìyàn bí inú odó. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó tó tóbi tó àgbò, ó ń jẹ ẹnu lásán. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, òkìtì ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan nǹkan kan, nítorí bí wọ́n bá fọwọ́ kan ògiri ilé òun, ó ń dun òun. Mo ju ara mi sẹ́yìn. Gbì! Ìpàkọ́ mi kan ògiri, kòtò kérora. Mo tún jù ú. Gbì!

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Obìnrin, ta ló ń lé ọ sẹ́yìn?"

"Òkìtì ẹ̀yìn ni mo ń ta, Ìyá."

"Ẹ̀yìn dà níbí? Níbo ni ojú kòtò wà?"

"Lókè."

"Kí lo wá ń wá lọ sẹ́yìn?" Ó gbójú sókè. "Wò mí." Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó gbéra gbọnrangandan bí ìgbà tí omi bá ń ti inú kànga tú jáde, kò sún sẹ́yìn bí ìka kan. Ìgbà tó dé òkè pátápátá, tí ó dà bíi pé ó fẹ́ dúró síbẹ̀, ìgbà yẹn ló ká orúnkún mọ́ àyà, ayé sì yí i po fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ tó sanra bí àgbò! Ó balẹ̀, kòtò ò mọ̀. Mo gbàgbé pé inú ìyọnu ni mo wà, mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo dúró. Mo na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba igbá lórí pẹpẹ. Mo pariwo, "Dúrógbọ́, báwo ni òkè?" Ajá dákẹ́ lẹ́nu kòtò. Mo gbéra. Mo lọ sókè, mo lọ sókè, mo dúró lókè bí ìràwọ̀, mo ká orúnkún, ọ̀run kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì bá ara mi lẹ́nu kòtò, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, tí ajá ń lá mi ní ọrùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan.

Ó wá ku ìkẹta, òun náà ló le jù, kí gbogbo ara nà kó sì yí po lókè. Lábẹ́ igi àràbà kan láàárín igbó, mo bá ìyá arúgbó kan tó ń ran òwú. Irun rẹ̀ funfun ju òwú rẹ̀ lọ. Yí i ká ni àwọn ènìyàn dúró, ojú gbogbo wọn wà lẹ́yìn. Ìyá Olówùú lorúkọ rẹ̀, òun ló ni igbó.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọdẹ. Ó ní, "Dìde, ọmọ Àjàgbé. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà lórí ẹní, Ìyá. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa dúró dè mí."

Ó ta ìrànwú rẹ̀ nílẹ̀, ó ń yí. Ó so igi tín-ín-rín méjì mọ́ ọn lára, kí ó dà bí ènìyàn tó na apá, ó tún ta á. Ó yí díẹ̀, ó ṣubú. Ó wá ṣẹ́ àwọn igi náà pọ̀ mọ́ ara ìrànwú, ó ta á, ó yí bẹ́ẹ̀ tí ojú ò fi rí i mọ́.

"O rí i?"

"Mo rí i, Ìyá. Kí apá fà mọ́ àyà."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí mo bá dé òkè."

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, kò ní eyín kankan. Ó gbé òwú sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá arúgbó yìí, tí ẹ bá rí i lọ́jà ẹ ó bá a gbé agbọ̀n, ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí igi àràbà, ó sì lọ. Ó lọ sókè ju ẹ̀ka àkọ́kọ́ lọ. Ó nà, ó funfun, ó yí, ìró aṣọ rẹ̀ dà bí ìgbà tí àdàbà bá fò. Ó balẹ̀ níbi tó ti ń ran òwú, okùn òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò já. Mo wólẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun ti rí ohun tó dára jù ú lọ, ẹ má yá a ní nǹkan.

"Ó kàn ọ́," ni ó wí.

Mo dúró sórí àpáta funfun kan nítòsí. Mo ní kí Dúrógbọ́ ṣọ́ ẹ̀yìn. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Ẹkùn ni. Mo mọ ohùn ẹkùn, bàbá mi ti fi kọ́ mi láti kékeré. Ó kùn, ó sún mọ́ mi, mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi. Gbogbo ara ọdẹ tó wà nínú mi ń pariwo pé, yíjú! yíjú! Ọrùn mi ti ń yí. Mo rí àwọn tí ojú wọn wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n Dúrógbọ́ ò gbó.

Mo ní, ẹkùn tí Dúrógbọ́ ò gbó sí, kì í ṣe ẹkùn. Mo jókòó sórí àga tí kò sí. Ọwọ́ mi kan ilẹ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi gba orí kọjá. Mo tún gbéra, mo na ọwọ́ sókè, mo lọ sókè gbọọrọ, mo fa apá mọ́ra, igi, ọ̀run, àpáta, igi, gbogbo wọn dàpọ̀ bí àdàlú. Mo balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹkùn kankan ò sí níbẹ̀. Ìyá Olówùú ló ń fi ẹnu kùn.

Ó ní, "O ti mọ̀ ọ́n. Ó ku owó iṣẹ́. Ohun tó ń bá ọ wo ẹ̀yìn, fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Ìyá, ẹ gba ìbọn."

"Kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe? Níwọ̀n ìgbà tí ajá yìí bá ń tẹ̀ lé ọ, òun ló ń ta òkìtì yẹn, ìwọ kọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Mo rántí ẹní fàfá, mo rántí okùn ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo fi orí kan orí Dúrógbọ́, mo ní, "Dúró." Ó dúró. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tó ń hu lẹ́yìn mi, ohùn tí kò lò rí. Mi ò wẹ̀yìn. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó.

Ìgbà tí mo dé Òkè-Ìtapò, oòrùn ti là dáadáa. Okùn ti wà nílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n ti na án tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, Oyèékàn dì í lórí mú. Ó gbójú sókè.

"Àwẹ̀ró! Ojú rẹ ṣì wà níwájú?"

"Ó wà níwájú, Bùọ̀dá. Bàbá ńkọ́?"

"Ó ń mí. Òwúrọ̀ àná ni a rò pé ó ti lọ, ó ní kí a fún òun lómi, òun ń dúró de ẹnì kan."

Wọ́n gbé Bàbá jáde sí àárín agbo ilé, tòun tẹní. Ó ti fúyẹ́ bí aṣọ. Gbogbo ilé tò yí ká. Mo rìn jìnnà sí i díẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, kí òkìtì mi lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, "Ṣọ́ ẹ̀yìn," mo rántí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀yìn mi ṣófo. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bí mo bá lọ jìnnà jù, orí Bàbá ni mo máa balẹ̀ lé. Bí mo bá wò ó, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo dúró, mo dúró, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àwẹ̀ró." Ohùn Bàbá ni, ó tín-ín-rín. "Kí ló wà lẹ́yìn?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Àti èmi. Máa bọ̀."

Mo jókòó sórí ohun tí kò sí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀ ilé ìyá mi, mo fi èjìká tì í nù. Mo gbéra. Mo rí òrùlé ilé nísàlẹ̀ mi, Ìyá Ṣàkírátù, nísàlẹ̀ mi. Mo rí ojú ọ̀run. Mo fa apá mọ́ra, mo yí po, gbogbo ojú tó ń wò mí di ojú kan ṣoṣo. Mo balẹ̀. Tọ́! Eruku ò sọ. Mo gbọ́ tí àwọn ìyá àgbà bú sẹ́kún.

Ohun kan kàn mí ní gìgísẹ̀. Ìka Bàbá ni. Ibi tí mo balẹ̀ sí kò jìnnà sí ẹní ju ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ó dára. Má tíì wẹ̀yìn."

Mi ò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí ẹní fàfá ń dún, ṣẹrẹrẹ, ṣẹrẹrẹ, ó dákẹ́, ó tún dún. Ìyá mi fẹ́ sáré wá, mo gbọ́ tí Oyèékàn dì í mú. "Ẹ má fọwọ́ kàn án, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kó ṣe é." Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo dúró, mo kọjú síwájú, omi ń bọ́ lójú mi.

Oyèékàn ló pè mí. Kò tíì fi irú ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"Àwẹ̀ró, wẹ̀yìn báyìí."

Mo wẹ̀yìn. Ẹní ṣófo. Okùn Oyèékàn wà nílẹ̀, kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Bàbá ti fi ara rẹ̀ yí kúrò, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, ẹsẹ̀ méjèèjì wà pọ̀, apá rẹ̀ fà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀run bí ẹni tó ṣì wà lókè. Inú oòrùn àárọ̀ ọjọ́ náà ni Bàbá Àjàgbé Olókìtì kú sí.